Áàpù atúmọ̀-èdè kan àti ọ̀rọ̀ "calumny"

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lo áàpù atúmọ̀-èdè yìí lórí fóònù mi, mo sì ń san owó oṣooṣù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìpolówó máa dí òun lójú. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe, láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì àti láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí n kì í ṣí i bí ìgbà mẹ́wàá. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí ẹni tó bá jókòó láti kọ̀wé nípa ìbanilórúkọjẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, "calumny", irọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa mọ́ ènìyàn láti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ni mo fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ló dójú tì mí lọ́dọ̀ oníbàárà.

Ọkùnrin kan tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ gbé ìwé wá pé kí n túmọ̀ fún agbẹjọ́rò òun, torí pé abẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹjọ́ náà wà. Gbólóhùn tó gbé gbogbo ìwé náà ró ni èyí: "Wọ́n purọ́ mọ́ mi pé mo kó owó ẹgbẹ́ jẹ." Àwọn tó purọ́ mọ́ ọn kọ ọ́ sínú lẹ́tà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Mo tẹ "purọ́ mọ́" sínú áàpù, ó gbé "slander" jáde, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni agbẹjọ́rò náà, obìnrin onísùúrù kan, dá a padà pẹ̀lú bírò pupa: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni, wọn kò fẹnu sọ ọ́. 'Slander' kọ́ nìyẹn." Mo padà sínú áàpù, mo rí "calumny" lábẹ́ "slander", pẹ̀lú àmì kékeré kan tó sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, pé a kì í lò ó nínú ìtàkurọ̀sọ lásán. Mo rò ó pé ọ̀rọ̀ tó bá ti wúwo tó báyìí, ti ilé ẹjọ́ ni yóò jẹ́. Mo fi rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà tún dá a padà: "Ó dùn ún gbọ́ sà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀sùn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú òfin tí a ń bá lọ." Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá iṣẹ́ mi padà nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìgbà náà ni mo tó fara balẹ̀ ka gbogbo ohun tí áàpù náà kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì rí ibi tó ti ṣe dáadáa àti ibi tó ti kùnà.

Ohùn rẹ̀ dára. Bí ẹ bá tẹ àmì agbóhùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ohùn ọmọ ènìyàn ló ń jáde, tó ń pè é ní sílébù mẹ́ta, tí agbára ohùn wà lórí ti àkọ́kọ́, tí "m" àti "n" sì ń dún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀, nítorí "column" ni wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, "n" tó kẹ́yìn rẹ̀ kì í sì í dún. Ó pe àwọn mọ̀lẹ́bí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú: "calumniate" tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, tí agbára ohùn rẹ̀ sún lọ sórí sílébù kejì, "calumniator", ẹni tó ń ṣe é, àti "calumnious" tó jẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Lórí èyí, n kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.

Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá ni mo fẹ́ràn jù lọ. Áàpù náà sọ ọ́ bó ṣe yẹ pé láti inú "calumnia" ti èdè Látìn ni "calumny" ti wá, pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó túmọ̀ sí kí a rẹ́ ènìyàn jẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àti pé ó wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó tún sọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu, pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti "challenge". Ọ̀nà èdè Faransé àtijọ́ ni "challenge" gbà wọlé, ìtumọ̀ rẹ̀ látilẹ̀ sì ni kí a fẹ̀sùn kan ènìyàn, kó tó di ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ènìyàn níjà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀ka yìí gbé dé ibi tó ládùn ló ti dákẹ́. Ìlà kan péré ni wọ́n fi sọ pé ọ̀rọ̀ òfin ni "calumnia" jẹ́ ní Róòmù, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Lábẹ́ òfin Róòmù, ẹni tó bá gbé ẹ̀sùn lọ síwájú adájọ́, tó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé irọ́ ni, ló jẹ̀bi "calumnia". Wọ́n lè ní kí olùpẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ búra pé kì í ṣe ète ibi ló gbé àwọn dé ilé ẹjọ́. Àkójọ òfin tí Ọba Justinian gbé jáde ní ọdún 533 là á yé wa pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò lè fi ìdí ẹ̀sùn rẹ̀ múlẹ̀ ni a óò kà sí ẹni tó jẹ̀bi "calumnia". Adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ inú olùfisùn náà wò, kó mọ̀ bóyá ó ṣì í ṣe ni tàbí ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ìyàtọ̀ àárín àṣìṣe àti àmọ̀ọ́mọ̀ṣe yìí ló ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà títí di òní.

Ohun tí áàpù náà jù nù nínú ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohun tó kọ kò ju pé ọ̀rọ̀ burúkú tí kì í ṣe òtítọ́, tí a sọ nípa ẹlòmíràn. Bí ìtumọ̀ yìí bá tọ̀nà, ẹni tó rí ọkùnrin kan lókèèrè lálẹ́, tó ń jáde láti inú yàrá tí owó wà, tó sì fi ọkàn mímọ́ dárúkọ ẹlòmíràn nítorí pé àwọn méjèèjì jọra, òun náà ti di "calumniator". Kò rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́, orúkọ ẹni ẹlẹ́ni sì lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ṣùgbọ́n ohun tó rò pé òun rí ló sọ. Ọ̀rọ̀ náà di "calumny" nígbà tí ẹlẹ́rìí bá mọ̀ dájú pé ẹni tí òun ń dárúkọ kò débẹ̀ rárá, tó sì dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ kó ṣubú. Ìmọ̀ àti ète: bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn lò.

Ó jọ pé ẹni tó yan àwòrán sójú ìwé náà mọ èyí ju ẹni tó kọ ìtumọ̀ lọ. Àwòrán tí Botticelli yà ní nǹkan bí ọdún 1494 sí 1495, tó wà ní ilé àwòrán Uffizi ní ìlú Florence, ni wọ́n fi síbẹ̀. Ó kéré púpọ̀ lójú fóònù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ á hàn. Ọba kan jókòó lápá ọ̀tún, etí rẹ̀ gùn bí etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, obìnrin méjì sì ń sọ̀rọ̀ sí i létí kan ọ̀kan: Àìmọ̀kan ni wọ́n pe ọ̀kan, Ìfura ni èkejì. Níwájú rẹ̀ ni Ìlara dúró, ọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ ti gbó, tó di ọwọ́ obìnrin arẹwà kan mú. Obìnrin arẹwà yìí gan-an ni Calumny. Ó gbé ògùṣọ̀ dání lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní irun orí nílẹ̀, ọmọkùnrin náà sì pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ohun tí mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni àwọn obìnrin méjì tó wà lẹ́yìn Calumny, Ẹ̀tàn àti Ọ̀tẹ̀, tí wọ́n ń di irun fún un bó ṣe ń rìn lọ. Wọn kò bá wọn wọ́ ọmọkùnrin náà, wọn kò sọ nǹkan kan sí ọba; irun ni wọ́n ń tún ṣe. Lókèèrè lápá òsì ni Ìrònúpìwàdà, ìyá arúgbó aláṣọ dúdú, ti ń bojú wẹ̀yìn wo Òtítọ́ tó dúró ní ìhòòhò, tó na ìka sí òkè. Ìtàn tó wà nídìí àwòrán náà ni pé ayàwòrán ilẹ̀ Gíríìkì kan, Apelles, ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jowú rẹ̀ fẹ̀sùn kàn níwájú ọba pé ó ń dìtẹ̀. Áàpù náà kò sọ ọ̀kan nínú gbogbo èyí. Àwòrán ni wọ́n fi síbẹ̀, ó ku sí ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní àkókò.

Àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ ló burú jù. Mẹ́ta ni wọ́n. Àkọ́kọ́ sọ pé àwọn aládùúgbò méjì dúró sí ìdí ọgbà, wọ́n ń sọ "calumny" síra wọn. Èébú nìyẹn. Bí ènìyàn méjì bá ń bú ara wọn lójú ara wọn, tí kò sí ẹni kẹta tó ń gbọ́, kò sí orúkọ tó bàjẹ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni orúkọ ènìyàn ń gbé. Ìkejì lo "calumny" bí ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tí kò tọ̀nà, nítorí "calumniate" ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, òun náà sì ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìkẹta nìkan ló jọ ohun tí ènìyàn á kọ: "a campaign of calumny against the minister". Ó fi hàn pé "against" ni ọ̀rọ̀-atọ́kùn tó ń bá a rìn, ó sì fi irú ibi tí a ti ń bá a pàdé hàn: ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú, ìwé ìròyìn, ìwàásù, ìtàn ayé àwọn ènìyàn ńlá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ máa fi ẹjọ́ àbúrò rẹ̀ sun ìyá rẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹyọ àti ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ní in: bí a bá ń sọ nípa ìwà náà, "calumny" lásán ni, bí a bá ń ka irọ́ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, "a calumny" àti "calumnies" tọ̀nà pátápátá.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà sí ìbejì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí agbẹjọ́rò náà fi kọ́ mi, nítorí ìlà méjì nínú rẹ̀ ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú bí áàpù bá kọ ọ́ síbẹ̀. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, "defamation" ni agboolé, "libel" àti "slander" sì ni ọmọ méjì tó wà nínú rẹ̀. "Libel" ni ohun tó dúró pẹ́: ìwé, àwòrán, àti ohun tí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n bá gbé sáfẹ́fẹ́. "Slander" ni ọ̀rọ̀ ẹnu tó kọjá lọ. Ẹni tó bá pe ẹjọ́ "slander" sábà máa ń ní láti fi àdánù tó ṣeé fi owó kà hàn, àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá fẹ̀sùn ọ̀ràn tí wọ́n lè torí rẹ̀ ju ènìyàn sẹ́wọ̀n kàn án, tàbí bó bá ta ko iṣẹ́ tàbí ipò rẹ̀. Láti ìgbà òfin ọdún 2013, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti ṣe orúkọ olùpẹjọ́ ní jàǹbá tó lágbára tàbí kó jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe é. Ní Skọ́tíláńdì, òfin kò ya "libel" àti "slander" sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: òfin yìí kò béèrè bóyá ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa kó tó jẹ̀bi. Orúkọ tó bàjẹ́ ni òfin ń wò. Èyí ni ìdí tí "calumny" kò fi lè jókòó sí àyè "libel": ọkàn òpùrọ́ ni ó ń wò. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ ní ọdún 1964, nínú ẹjọ́ New York Times àti Sullivan, pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pe ẹjọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí pé kò tilẹ̀ bìkítà bóyá òtítọ́ ni tàbí irọ́. Ibẹ̀ ni òfin ti sún mọ́ "calumny" díẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe orúkọ yẹn ni wọ́n pè é.

Àpótí àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra ló fi mí sínú wàhálà ní tààràtà, mo sì kà á sí apá tó léwu jù nínú áàpù náà. Wọ́n to "slander", "libel", "defamation", "aspersion", "vilification", "obloquy" àti "gossip" sínú ìlà kan bí ẹni to àwo, kò sí ọ̀rọ̀ àlàyé kankan láàárín wọn. "Aspersion" wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí kí a wọ́n nǹkan sára ènìyàn. Ó jọ ọ̀rọ̀ tí a fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ, tí a kò là á mọ́lẹ̀, "cast" ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀. "Vilification" ni kí a máa bu ẹnu àtẹ́ lu ènìyàn títí tí yóò fi dà bí ẹni tí kò yẹ láàárín àwùjọ. Ó lè má sí ẹyọ irọ́ kan nínú rẹ̀. "Obloquy" ni ẹ̀gàn láti ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tí ó bá sì hùwà ìkà lè tọ́ sí i. "Gossip" lè jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé. Ẹni tó bá mú èyíkéyìí nínú wọn nítorí pé ó wà nínú àpótí kan náà, ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Yorùbá tí wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀ ni mo fi ojú òṣìṣẹ́ wò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i, "ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn" ni wọ́n kọ. Bí ẹnì kan bá sọ lẹ́yìn mi pé n kì í tètè san gbèsè, tó sì rí bẹ́ẹ̀, ó sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọ̀rọ̀ fún èyí. Ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ti ìjọ Kátólíìkì, tó jáde ní ọdún 1992, yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìpínrọ̀ 2477: ẹni tó tú àṣìṣe ẹlòmíràn síta fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, láìnídìí tó tọ́, "detraction" ló ṣe, ẹni tó fi ọ̀rọ̀ tó lòdì sí òtítọ́ ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́, "calumny" ló ṣe. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti là á bẹ́ẹ̀ nínú gbólóhùn méjì. "Ìbanilórúkọjẹ́" tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò bá "defamation" mu, nítorí jàǹbá tó dé bá orúkọ ló ń sọ, kò sọ bóyá irọ́ ló fà á. "Òfófó" ni kí a gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan lọ síbòmíràn, òtítọ́ ni tàbí irọ́. Èyí tó wọ̀ ọ́ jù lójú tèmi ni "ìpurọ́mọ́ni", nítorí "mọ́" tó wà láàárín rẹ̀ ń fi hàn pé ẹnì kan mú irọ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ níwájú adájọ́ ni, "ẹ̀sùn èké" dára.

Ẹni tó bá ń túmọ̀ láti inú àwọn èdè tó jẹ́ ọmọ Látìn tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, áàpù náà kò sì kìlọ̀. "Calunnia" ti Ítálì jẹ́ ọ̀ràn nínú ìwé òfin wọn, fífi ẹ̀sùn èké kan aláìṣẹ̀ níwájú ìjọba, ó sì yàtọ̀ sí "diffamazione". Ní Bràsíl, "calúnia", "difamação" àti "injúria" jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú òfin.

Mo kọ í-meèlì sí àwọn tó ni áàpù náà, mo sì to àléébù mẹ́rin sínú rẹ̀. Èsì tó kọ́kọ́ dé jọ èyí tí ẹ̀rọ kọ: wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìràwọ̀ márùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan tó jọ pé ó ka ìwé mi kọ̀wé padà, ó béèrè nípa ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, wọ́n sì yí "ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn" padà sí "irọ́ tí a pa mọ́ni". Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Àwọn aládùúgbò méjì ṣì wà nídìí ọgbà wọn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún un nínú márùn-ún: ohùn àti orírun ọ̀rọ̀ ló gba méjì, àwòrán Botticelli ló gba ọ̀kan. N óò máa lò ó lọ fún bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò tún ní mú ọ̀rọ̀ kan láti inú àpótí àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra láì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò níbòmíràn. Ní ti akápò wa, "libel" ló wà nínú ìwé tó lọ sí ilé ẹjọ́, pẹ̀lú gbólóhùn pẹlẹbẹ kan pé ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó ní kí n túmọ̀ lẹ́tà mìíràn, èyí tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, níbi tó ti sọ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti yẹ ìwé owó náà wò pẹ̀lú òun, pé ó fọwọ́ sí i pé kò sí kọ́bọ̀ tó dín, kó tó lọ kọ lẹ́tà rẹ̀. Mo kọ "calumny" síbẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò kó kọ́kọ́ wò ó. Ó dá a padà lọ́jọ́ náà, ó fi bírò pupa tún kọmá méjì ṣe, kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà.